Ayùn àti dírììlì alábátìrì fún iṣẹ́ igi: èwo ni kí n rà?

AlágaÒde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù wà. Kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, wọ́dúróòbù àti ilẹ̀kùn là ń ṣe jù: plywood 18mm, HDF (pátákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀), ìrókò, ọ̀gánwó, nígbà mìíràn mèlínà. Ilé tuntun tí wọn ò tíì fa iná sí la sábà ń gbé wọn lọ kàn. Mo fẹ́ ra ayùn alábẹ róbótó àti dírììlì alábátìrì pọ̀. Àpótí mẹ́ta ni olọ́jà gbé kalẹ̀. Èkíní, wọ́n kọ 48V sí i lára, bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkejì, 20V, bátìrì kan ṣoṣo, 4.0Ah. Ẹ̀kẹta, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, 18V, pẹ̀lú ṣájà tó bá a wá. Owó wọn ò jìnnà síra. Èwo ni kí n gbé?

AyùnRẹ́mọ:
Ẹ kú ọjà o. Kí ẹ tó wo ayùn rárá, bátìrì ni kí ẹ wò. Bátìrì ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà èyí tí ẹ bá rà lónìí ló máa pinnu ẹ̀rọ ìfági àti ẹ̀rọ ìha-igi tí ẹ máa rà lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà fólítì dà yín láàmú. 18V, 20V, 21V, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọmọ bátìrì lítíọ́ọ̀mù márùn-ún ló tò tẹ̀léra nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.6V lẹ́nu iṣẹ́, márùn-ún rẹ̀ ni 18. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sún mọ́ 4.2V, ìyẹn ni 21. Ẹni tó kọ 20V Max kàn ka tirẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ṣájà bọ́ ni.

48V yẹn, ẹ yí ṣájà rẹ̀ padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ OUTPUT 21V síbẹ̀, ọmọ márùn-ún náà ló wà nínú rẹ̀, yálà wọ́n kọ 48 sára rẹ̀ tàbí 128. 48V tòótọ́ á gba ọmọ bátìrì mẹ́tàlá, kò sì ní ṣeé gbá mú lọ́wọ́ kan bẹ́ẹ̀.

DókítàBátìrì:
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbé, kún un, torí ibẹ̀ ni ayùn ti ń kú.

Bátìrì 2.0Ah, ìlà kan ni: ọmọ márùn-ún. Bátìrì 4.0Ah àti 5.0Ah tó jẹ́ ti ọmọ kékeré 18650, ìlà méjì ni: ọmọ mẹ́wàá. Ayùn tó wọ igi líle lè fa 600W sí 700W. Ẹ pín 700 sí 18, ó lé ní 38 ampere. Nínú bátìrì onílà kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé gbogbo 38 yẹn. Nínú onílà méjì, 19 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ayùn tó gbé 2.0Ah fi máa ń gé ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́rin péré wọnú ìrókò, tí yóò kú pìí, tí iná ara bátìrì náà á sì máa fi hàn pé ó ṣì kún dé ìdajì. Kò tíì tán. Fólítì ló wálẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ohun tó ń ṣọ́ ọ nínú sì pa á. Dírììlì kò ní ìṣòro pẹ̀lú 2.0Ah. Ayùn ni kò gbọdọ̀ rí i.

Nípa bó ṣe ń pẹ́ tó: 18V × 4Ah jẹ́ 72Wh. Bí ayùn bá ń jẹ 600W láìdákẹ́, ìṣẹ́jú méje ni. Bí ẹ bá ka ìlà 8 fúùtù kan nínú plywood 18mm sí bíi 40 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlà mẹ́wàá nìyẹn lórí bátìrì kan. Abẹ tó mú á jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó kú ojú kò ní jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàÌpẹ̀rù:
Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé 4.0Ah tí wọ́n kọ síta ló wà nínú? Gbogbo wọn ló ń kọ 6.0, 7.5, 9.8.

DókítàBátìrì:
Ẹ wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n àwọn ẹlẹ́ja tútù ní Òkè-Ajé tó. Ọmọ 18650 kan wọn bíi 45g sí 48g, irin ò lè parọ́ ìwúwo. Ọmọ mẹ́wàá nìkan ti tó 450g. Fi ike àti pátákó iná inú rẹ̀ kún un, bátìrì onílà méjì máa ń súnmọ́ 600g sí 650g. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 6.0Ah sí, tó sì wọn 380g, ìlà kan ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀búIgbó:
Ọ̀gá, ẹ má bínú, òfin yẹn ní ibi tó ti ń yẹ̀. Àwọn bátìrì tuntun kan ń lo ọmọ ńlá 21700. Ọ̀kan rẹ̀ wọn bíi 70g, ó sì lè gbé 4.0Ah fúnra rẹ̀. Onílà kan tó jẹ́ ti 21700 lè jẹ́ 4.0Ah tòótọ́, kó má sì ju 500g lọ.

DókítàBátìrì:
Mo dúpẹ́, àbúrò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtóbi ló máa fi í hàn: ọmọ 18650 jẹ́ 18mm ní ìbú, 65mm ní gígùn, 21700 sì jẹ́ 21mm sí 70mm, nítorí náà ikùn bátìrì rẹ̀ nípọn díẹ̀ ju ti 2.0Ah lásán lọ. Èyí tó fúyẹ́, tó tún pẹlẹbẹ, tó ń pe ara rẹ̀ ní 6.0Ah ni kí ẹ dá padà fún olówó rẹ̀.

AyùnRẹ́mọ:
Ká wá sórí ayùn gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú alábátìrì ni abẹ 165mm, ìyẹn ínǹṣì mẹ́fà àbọ̀. Ó máa ń wọlé tó 55mm sí 57mm bí abẹ bá dúró ṣánṣán. Pákó ínǹṣì méjì jẹ́ 50mm, ó gé e já nígbà kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá a sí 45°, nǹkan bíi 40mm ló kù, pákó ínǹṣì méjì ò já mọ́. Ẹni tó ń ṣe férémù ilẹ̀kùn tó ń pàdé ní 45° kó mọ èyí kó tó sanwó. Ẹ ní láti gé e lójú kan, kí ẹ yí i padà, kí ẹ tún gé e lójú kejì, ìlà méjèèjì kì í sì í sábà bá ara wọn pàdé. Ayùn 190mm ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó 65mm, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń mu bátìrì bí ẹní ń mu omi.

Fún ayùn, ẹ ra brushless, ìyẹn èyí tí mọ́tò rẹ̀ kò ní kábọ̀ọ̀nù. Èyí tó ní kábọ̀ọ̀nù ń sọ agbára púpọ̀ di ooru, ooru ò sì gé igi. Ti dírììlì, oníkábọ̀ọ̀nù ò burú. Bí kábọ̀ọ̀nù bá jẹ tán, méjì rẹ̀ ò wọ́n, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀ bí ojú ihò rẹ̀ bá wà níta. Brushless ní tirẹ̀, bí pátákó iná inú rẹ̀ bá jó, odindi rẹ̀ lẹ máa wá.

BàbáPákó:
Mo ń ka gbogbo yín, kò sẹ́ni tó sọ èyí tó yẹ: ayùn alábátìrì kọ́ ni wọ́n fi ń la pákó. Mèlínà tó ń ti igbó ọba J4 jáde, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àwọn igi tí wọ́n gbìn nígbà tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe ìwé ní Ìwópin. Púpọ̀ rẹ̀ ń dé sọ́ọ̀mìlì ní tútù, wọ́n á là á lónìí, wọ́n á tà á lọ́la. Bí ẹ bá fi ayùn kékeré gba àárín igi tútù 12 fúùtù lọ, igi á pa ẹnu dé mọ́ abẹ, ayùn á ta padà sí yín. Lílà pákó gígùn, ẹ ṣe é ní sọ́ọ̀mìlì lórí ẹ̀rọ wọn kí ẹ tó gbé pákó wálé. Tàbí kí ẹ ní ayùn oníwáyà kan ní ṣọ́ọ̀bù. Alábátìrì wà fún gígé pákó kúrú, fún plywood, àti fún ibi tí iná kò sí.

AyùnRẹ́mọ:
Mo fara mọ́ ọn, Bàbá, àfi pé igi gbígbẹ ínǹṣì kan, ayùn 165mm brushless pẹ̀lú bátìrì onílà méjì ń là á dáadáa. Tútù ni ọ̀tá. Bó bá di dandan, bí ẹ bá ti gé tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ pa ayùn, ẹ ki èèkàn pẹlẹbẹ kékeré sẹ́nu ibi tí ẹ ti gé kó má baà pa dé. Ẹ má sì dúró sẹ́yìn ayùn gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wà. Ọ̀pọ̀ ayùn kékeré wọ̀nyí ni kò ní ahọ́n irin tó ń ya ẹnu igi lẹ́yìn abẹ.

BàbáPákó:
Tó bá jẹ́ gbígbẹ, mo gbà.

ÌyáAga_Ṣágámù:
Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ẹ̀rọ, ẹ ò sọ abẹ. Abẹ tó máa ń bá àpótí wá, 24 eyín ni lọ́pọ̀ ìgbà. 24 dára fún pákó, ó ń yára. Bí ẹ bá fi gé plywood, ojú rẹ̀ á ṣán bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. 40 eyín sókè ni kí ẹ rà fún plywood àti HDF. Kí irin rẹ̀ tín-ín-rín, bíi 1.6mm lẹ́nu eyín. Èyí tó nípọn tó 2.4mm, ti ayùn oníwáyà ni. Igi tó ń sọ di ìyẹ̀fun pọ̀ jù, bátìrì yín ló máa san án.

Ojú tó dára ni kí ẹ dà bolẹ̀ bí ẹ bá ń gé plywood. Ìsàlẹ̀ ni eyín abẹ ti ń wọlé, òkè ló ń jáde sí, ibi tó ń jáde ló ń ṣán. Ẹ lẹ téèpù bébà sójú ìlà lókè, ẹ fi kílám̀pù mú pákó tó tọ́ mọ́ ọn kí ayùn máa fara tì í lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọn láti etí àtẹ́lẹsẹ̀ ayùn dé etí eyín, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sára ayùn pẹ̀lú màákà. Kì í yí padà àyàfi tí ẹ bá yí abẹ.

Ìjìn abẹ náà: kó yọ níwọ̀n 5mm lábẹ́ igi, kó má jù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, abẹ á máa ha igi lára lórí gbogbo ibi tó gbòòrò sí, ó ń gbóná, ojú igi ń dúdú.

Akọ́ṣẹ́_Òru:
Ẹ jọ̀wọ́ mà, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé abẹ ti kú ojú? Tuntun àti àtijọ́ jọ ara wọn lójú mi.

ÌyáAga_Ṣágámù:
Wo ohun tó ń tú jáde, ọmọ mi. Bó o bá ń la pákó, tó ń jáde bíi gàrí, abẹ ṣì mú. Bó bá ti ń jáde bí ẹ̀lùbọ́, tó sì ń rùn bí igi tó ń jó, ó ti kú. Má kọ́kọ́ sáré ra tuntun. Yọ bátìrì kúrò lára ayùn ná, kó o tó fọwọ́ kan abẹ. Tú u, kó o ki í bọ kẹrosíìnì fún ìdajì wákàtí, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbo ẹ̀gbẹ́ eyín rẹ̀. Oje ló máa ń dì mọ́ ọn, igi tútù lo sì máa ń rí i lára rẹ̀ jù. Nu ún gbẹ kó o tó dá a padà. Lọ́pọ̀ ìgbà á tún mú. Bó bá jẹ́ pé eyín kan ti ṣẹ́ ńkọ́, kò sí kẹrosíìnì tó lè tún un ṣe.

Ọmọ_Ìjẹ̀búIgbó:
Lórí eyín tó ń ṣẹ́: ìrókò máa ń ní òkúta nínú. Ohun funfun bí ẹfun, tó le bí òkúta, ló máa ń dì sínú ihò inú igi náà, ẹ ò ní rí i lóde. Bí ayùn tó ń rọra lọ bá ṣàdédé dún gbàá, tí iná tàn yẹ́ẹ́ lẹ́nu abẹ, ẹ dá a dúró, ẹ má tì í. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ jáde pẹ̀lú irin ìgbẹ́-igi tó ti gbó kí ẹ tó máa lọ. Fún ìrókò, ẹ ní abẹ kan tí kò dùn yín púpọ̀. Ẹ sì bo imú: ìyẹ̀fun ìrókò ń ta imú àti ojú, ó ń fa ikọ́ àti ara yíyún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Gbẹ́nàÌpẹ̀rù:
Dírììlì wá ńkọ́? Oríṣi mẹ́ta ni olọ́jà máa ń pè ní dírììlì. Ti àkọ́kọ́ ń yí nìkan. Èkejì ń yí, ó tún ń gbá bí òòlù fún ara ògiri. Ẹ̀kẹta, ẹnu rẹ̀ jẹ́ ihò onígun mẹ́fà, ó kúrú, ó ń gbá síkúrúù ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ariwo. Ẹ̀kẹta yẹn le fún síkúrúù gígùn lórí òrùlé, ṣùgbọ́n kò ní òrùka nọ́ńbà tó ń dá a dúró. Lórí HDF, kí ẹ tó tú ọwọ́ sílẹ̀, síkúrúù ti yí gbogbo ẹnu ihò dànù. Síkúrúù bàbà ní tirẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ lọ́rùn.

Èkejì ni kí AlágaÒde mú: ẹnu tó ń gba 13mm, jíà méjì, agbára ìlọ́ 40Nm sí 60Nm. Ó máa lu bọ́lọ́ọ̀kù fún ihò 6mm tàbí 8mm tí wọ́dúróòbù nílò. Kọnkéré òpó àti líńtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ má fi dá a lágara. Ẹ̀rọ SDS, dírììlì ńlá tó ń gbá kọnkéré, ni tiwọn.

Jíà 1 lọ́ra, ó lágbára: síkúrúù àti ihò ńlá. Jíà 2 ń sáré: bíìtì kékeré. Ẹ má yí jíà nígbà tó ń yí lọ́wọ́, eyín inú rẹ̀ ló ń jẹ. Òrùka nọ́ńbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4 tàbí 5 fún HDF, kí ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí orí síkúrúù fi bá ojú igi dọ́gba. Àwòrán bíìtì lópin ni fún lílu ihò nìkan.

Síkúrúù 4mm nínú ìrókò: ẹ kọ́kọ́ lu 3mm. Nínú igi rírọ̀ bí arère, 2.5mm tó. Pákó tó wà lókè gba 4.5mm, kí síkúrúù má baà di í mú, kó lè fà á mọ́ra. Ẹ fi ọṣẹ tàbí àbẹ́là pa síkúrúù lára. Híǹjì kábínẹ́ẹ̀tì tó ń wọ inú igi gba bíìtì 35mm, jíjìn 12mm sí 12.5mm, jíà 1, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. HDF 15mm ò ní ju 3mm lọ lẹ́yìn ihò yẹn, nítorí náà ẹ lẹ téèpù sára bíìtì láti fi mọ ibi tí ẹ máa dúró.

AlágaÒde:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà yẹn ńkọ́? Ara rẹ̀ le, kò sì dà bí ayédèrú. Ìbéèrè kejì: jẹ́nẹ́ kékeré àti ínfátà, ṣé mo lè fi wọ́n ṣájì í?

DókítàBátìrì:
Ẹ ka INPUT lẹ́yìn ṣájà rẹ̀. Bó bá jẹ́ 120V 60Hz nìkan, ẹ má kì í bọ iná wa tó jẹ́ 230V. Kíá ló máa jó, ó sì lè mú bátìrì dání. Ẹ nílò tíránsífọ́mà tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, tàbí ṣájà 230V ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Bó bá jẹ́ 100–240V, kò sí wàhálà. Bátìrì tòkúnbọ̀ ni kí ẹ fòyà: ọjọ́ orí ń pa lítíọ́ọ̀mù bó tilẹ̀ jókòó lásán. Ẹ jẹ́ kó kún, ẹ gé pákó líle níwájú olọ́jà. Bí iná mẹ́rin ara rẹ̀ bá já sí ọ̀kan lẹ́yìn gígé méjì mẹ́ta, ikùn rẹ̀ ti ṣófo.

Jẹ́nẹ́ kékeré ṣe é. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀, kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Kí ẹ sì yọ ṣájà kí ẹ tó pa á, torí fólítì rẹ̀ ń fò nígbà tó bá ń tàn àti nígbà tó bá ń kú. Ínfátà tó ń gbé iná dídán, tí wọ́n ń pè ní pure sine, ló dára. Ti òmíràn máa ń mú kí àwọn ṣájà kan kùn, kí wọ́n sì gbóná.

Àkókò ṣájì: ẹ pín Ah bátìrì sí ampere tí wọ́n kọ sí OUTPUT. 4.0Ah lórí ṣájà 2A gba wákàtí méjì àti díẹ̀. Ṣájà onípíìnì kékeré 0.8A inú àpótí olówó pọ́ọ́kú á gba wákàtí márùn-ún. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara ayùn bọ́ gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé e sórí ṣájà. Ẹ má fi sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án.

Bí ọmọ kan bá kú nínú bátìrì, ẹni tó fẹ́ fi ọmọ bátìrì pawa báńkì rọ́pò rẹ̀, ẹ kọ̀. Púpọ̀ wọn ò lè gbé ju ampere márùn-ún lọ.

AlágaÒde:
Ó yé mi. 48V bọ́ sílẹ̀, tòkúnbọ̀ bọ́ sílẹ̀. 20V ló kù, àmọ́ bátìrì kan ṣoṣo ló ní.

AyùnRẹ́mọ:
Ẹ bi í bóyá ó ń ta bátìrì yẹn lọ́tọ̀. Bí kò bá ní í, tí kò sì mọ ẹni tó ní í ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, ẹ fi àpótí náà sílẹ̀, bó ti wù kó dára tó. Àwọn bíi Makita, Ingco àti Total ń ta bátìrì àti ẹ̀rọ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ lásán láìsí bátìrì sì máa ń wá sílẹ̀ gan-an ní owó. Bí bátìrì bá wà, ẹ ra 4.0Ah kejì lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan lórí ṣájà. Dírììlì lè máa jẹ àjẹkù ayùn.

BàbáPákó:
Kó tó sanwó, kó ki bíìtì gígùn tó tọ́ sẹ́nu dírììlì, kó yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ṣónṣó bíìtì bá ń jó yípo, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ti ayùn, kó yọ bátìrì, kó fọwọ́ yí abẹ, kó wo àlàfo àárín abẹ àti etí àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Kó dọ́gba. Ìjẹ̀bú ni wá, a kì í sanwó ká tó tún máa wọn nǹkan nílé.

AlágaÒde:
Olọ́jà ní bátìrì náà wà lọ́tọ̀. Abẹ 40 eyín ló kù, ṣé èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ 165mm sí ló máa wọ̀ ọ́?

ÌyáAga_Ṣágámù:
Rárá o. Ihò àárín rẹ̀ ni kí ẹ wò. Nínú 165mm, ẹ máa rí 20mm, ẹ máa rí ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ ínǹṣì 5/8, ìyẹn 15.88mm. Bí ihò bá tóbi, òrùka tó ń dí i gbọ́dọ̀ há pinpin. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, abẹ á máa gbọ̀n, ìlà yín ò ní tọ́. Nọ́ńbà MAX RPM ara abẹ sì gbọ́dọ̀ ju ti ara ayùn lọ. Ẹ gbé ayùn náà dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọ̀ ọ́ wò níbẹ̀.